Ìdí Igi àti Orí-ò-jorí: Ohun tí Àpilẹ̀kọ Oyè Gíga nípa Òfin àti Àwùjọ Ń Fò Dá

Àṣamọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a gbé ọ̀nà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ oyè gíga ń gbà ṣe ìwádìí nípa òfin àti àwùjọ Yorùbá yẹ̀ wò. Èrò wa ni pé àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ òfin kì í fi bẹ́ẹ̀ ka èdè, àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ èdè kì í sì í ka ìdájọ́. Ẹjọ́ ogún ìdílé Dáwódù ti Èkó, èyí tó parí sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1962, ni a fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ọ̀rọ̀ Yorùbá méjì ni gbogbo ẹjọ́ náà dá lé. A wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe kan ìwé tí à ń kọ́ ní kíláàsì, àti bó ṣe kan àwọn Yorùbá tó ń gbé ní Zaria.

Ìfáàrà

Ẹni tó bá ti ka àpilẹ̀kọ oyè gíga bíi mélòó kan lórí òfin àti àwùjọ yóò ti mọ bí orí kejì yóò ṣe rí kó tó ṣí i. Oríkì òfin láti ẹnu onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ni yóò kọ́kọ́ jáde, pé òfin ni àṣẹ tí aláṣẹ pa, tí ìyà sì ń bẹ fún ẹni tó bá rú u. Oríkì àwùjọ ni yóò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn rẹ̀ ni tíọ́rì. Bí akẹ́kọ̀ọ́ náà bá wá láti ẹ̀ka ìmọ̀ òfin, orúkọ ẹjọ́ yóò kún ojú ìwé. Bó bá wá láti ẹ̀ka èdè Yorùbá, òwe ni yóò kún un. A ti ka oríṣi méjèèjì fún ọdún pípẹ́, a sì mọ làálàá tó wà nínú wọn. Àìsàn kan náà ló ń ṣe wọ́n: ọ̀rọ̀ tí àwùjọ fi ń pe òfin kò jẹ́ nǹkan kan lójú wọn ju orúkọ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a mú òwe kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa fẹ́ràn púpọ̀: a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Wọ́n á ní òwe náà fi hàn pé àwọn baba ńlá wa fẹ́ràn àlàáfíà ju ẹjọ́ lọ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kóòtù kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn baba ńlá wa. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a ti yá a, kò sì sí bí òwe náà ṣe lè dàgbà ju kóòtù fúnra rẹ̀ lọ. Nígbà tí àwọn àgbà bá ń parí ìjà lójúde baálé, ohun tí wọ́n ń wá ni bí àwọn oníjà méjèèjì yóò ṣe tún jọ máa gbé inú agbo ilé kan náà lọ́la. Kóòtù kò ní irú ọ̀la bẹ́ẹ̀ lọ́kàn. Ó dá ọ̀kan láre, ó dá èkejì lẹ́bi, ó pe ẹjọ́ tó kàn. Lójú tiwa, lámèyítọ́ tí àwùjọ ṣe fún ilé-ẹjọ́ tuntun ni òwe yìí, àpilẹ̀kọ tó sì kà á sí ọgbọ́n àtayébáyé ti sọ ẹ̀rí tó dára jù lọ́wọ́ rẹ̀ nù. Òmíràn tún wà, èyí tó sọ nípa ibi tí òfin kò bá ti sí, tí wọ́n máa ń kà mọ́ òwe Yorùbá. Létà Pọ́ọ̀lù sí àwọn ará Róòmù ni kí wọ́n lọ wò.

Bó bá jẹ́ tíọ́rì ni a ń wá, a kò ní láti jìnnà púpọ̀ kí a tó rí èyí tó bá wa mu. Ní ọdún 1913, Eugen Ehrlich, olùkọ́ ìmọ̀ òfin ní ìlú Czernowitz, tó wà lábẹ́ ìjọba Austria nígbà náà, tẹ ìwé kan jáde lórí ìmọ̀ ìbára-ẹni-gbépọ̀ àti òfin. Ohun tó sọ ni pé òfin tó ń darí ìgbé ayé àwọn ènìyàn kì í ṣe èyí tó wà nínú ìwé ìjọba nìkan. Òfin alààyè wà, èyí tí a ó rí nínú ìgbéyàwó, nínú àdéhùn ọjà, nínú bí wọ́n ṣe ń pín ogún. Czernowitz jẹ́ ìlú tí àwọn ará Jámánì, Júù, Romania àti Ukraine ti ń jọ gbé, tí olúkúlùkù ní àṣà tirẹ̀, tí òfin ìjọba kan ṣoṣo sì bo gbogbo wọn. Ẹni tó bá mọ Sabon Gari Zaria kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ohun tí ọkùnrin náà rí.

Àwọn tó ti ṣáájú

Iṣẹ́ mẹ́ta ni a kò lè fò nínú ọ̀rọ̀ yìí, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àjàyí Kọ́láwọlé Ajíṣafẹ́ tẹ ìwé tirẹ̀ lórí òfin àti àṣà Yorùbá jáde ní 1924. N. A. Fádípẹ̀ ṣe ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù lórí àwùjọ Yorùbá ní 1939. Ó ti kú kí ìwé náà tó jáde ní Ìbàdàn ní 1970. T. O. Elias gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù kan náà ní 1949, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ lórí òfin ilẹ̀ ní Nàìjíríà jáde ní 1951, kó tó wá kọ èyí tó gbajúmọ̀ jù lórí òfin ìbílẹ̀ Áfíríkà ní 1956.

Elias ń bá àwọn òyìnbó jiyàn. Wọ́n ní ohun tí àwọn ènìyàn dúdú ní kì í ṣe òfin, àṣà lásán ni. Ó fi hàn wọ́n pé òfin ni. Iṣẹ́ ńlá ni, ìgbà rẹ̀ sì béèrè fún un. Ajíṣafẹ́ ní tirẹ̀ to òfin bí ẹni to àkójọ: bí báyìí bá ṣẹlẹ̀, báyìí ni wọn yóò ṣe. Ó wúlò fún ẹni tó ń wá ohun tó fẹ́ yára dì mú, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń jiyàn nínú ìwé náà, bẹ́ẹ̀ ìdílé tí kò sẹ́ni tó ń jiyàn nípa ogún, a kò tíì rí irú rẹ̀ rí. Fádípẹ̀ ni a gbà pé ó sún mọ́ ọ̀rọ̀ jù lọ, nítorí pé inú agbo ilé ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó rí i pé nínú ilé olórogún, ọmọ ìyá àti ọbàkan kì í ṣe ọ̀kan náà, àti pé ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ àárín ọ̀rọ̀ méjèèjì ti mọ ìdajì òfin ilé. Ó yà wá lẹ́nu pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń tọ́ka sí Fádípẹ̀ kì í sábà mú ibí yìí. Ojú ìwé tó sọ nípa oyè àti ìjọba ni wọ́n máa ń ṣí.

Ẹjọ́ Dáwódù

Súbérù Dáwódù, ará Èkó, kú láìkọ ìwé ìhágún. Ọmọ mẹ́sàn-án ló fi sílẹ̀, láti ọ̀dọ̀ ìyàwó mẹ́rin. Ìbéèrè tó dé ilé-ẹjọ́ kò le láti sọ: ṣé ọ̀nà mẹ́rin ni a ó pín ogún rẹ̀ sí, kí àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan mú ìpín kan, àbí ọ̀nà mẹ́sàn-án, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú tirẹ̀? Ti àkọ́kọ́ ni à ń pè ní ìdí igi, ti èkejì ni orí-ò-jorí. Bí àwọn adájọ́ ṣe gbọ́ ọ náà ni wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìdájọ́ wọn.

Adájọ́ Olúmúyìwá Jíbówú ló kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà. Kò fara mọ́ ìdí igi. Orí-ò-jorí ló rí gẹ́gẹ́ bí ohun tó tọ́, tó sì bá ìgbà mu. Ní 1958, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti ìjọba àpapọ̀ yí ìdájọ́ náà padà. Ẹjọ́ rékọjá òkun. Ní 1962, Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, tó jẹ́ ilé-ẹjọ́ ìkẹyìn fún wa títí a fi di olómìnira tó ní ààrẹ tirẹ̀ ní 1963, fọwọ́ sí ti 1958. Wọ́n ní ìdí igi jẹ́ ara òfin Yorùbá, wọ́n ní ó ṣì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Orí-ò-jorí ní tirẹ̀, ọ̀nà tuntun díẹ̀ ni, tí olórí ẹbí lè lò kí ìjà má bàa di ẹjọ́. Wọ́n tún ní kí a má fi òṣùwọ̀n àwọn tó ń fẹ́ ìyàwó kan ṣoṣo wọn ohun tó tọ́ láàárín àwọn tó ń fẹ́ púpọ̀.

Àpilẹ̀kọ tó bá ń wá bí òyìnbó ṣe fi òfin rẹ̀ tẹ tiwa mọ́lẹ̀ kò ní rí i níbí. Ọmọ Yorùbá ni Jíbówú. Òun ló ní ìdí igi kò bá ìgbà mu mọ́. Àwọn tó jókòó ní Lọ́ńdọ̀nù ló ní kí a má ṣe jù ú nù. Ìdí nìyí tí a kò fi gbàgbọ́ nínú àpilẹ̀kọ tó ti mọ èsì rẹ̀ kó tó ka ẹjọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjèèjì gan-an ni a fẹ́ kí olùkọ́ èdè dúró tì. Àwọn amòfin máa ń fi èdè Látìn túmọ̀ wọn: ìdí igi di per stirpes, orí-ò-jorí di per capita. Ó jọ pé ìtumọ̀ náà bára mu, nítorí pé stirps nínú Látìn ni ìdí igi tàbí kùkùté. Igi ta ni? Nínú òfin Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ olóògbé ni igi. Bí ọmọ bá ti kú ṣáájú baba rẹ̀, àwọn ọmọ tirẹ̀ ni yóò pín ohun tí ì bá jẹ́ ti baba wọn. Nínú ti Yorùbá, ìyá ni igi. Baba ni oníǹkan, ṣùgbọ́n orúkọ baba kò sí nínú ọ̀nà tí a ó gbà pín nǹkan rẹ̀. A ń pariwo pé ọ̀dọ̀ baba ni ogún ti ń wá láwùjọ wa. Ọ̀rọ̀ kékeré yìí sọ pé ìyá ni à ń kà. Látìn bo èyí mọ́lẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá sì kọ Látìn náà sínú àkámọ́ tó sì kọjá lọ kò tíì kà á.

Ẹ tún wo bí a ṣe ṣẹ̀dá èkejì. Ìdí igi jẹ́ orúkọ lásán. Kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Orí-ò-jorí jẹ́ odidi gbólóhùn tí a sọ di orúkọ, gbólóhùn àyísódì sì ni: orí kan kò ju orí kan lọ. Kò sí ẹni tó ń sọ pé kò jù ú lọ àfi bí ẹlòmíràn bá ti kọ́kọ́ sọ pé ó jù ú lọ. Ọ̀rọ̀ oníjà ni. Ọmọ tó wá láti ìdí igi tí ọmọ ti pọ̀ ló sọ ọ́, nígbà tó rí i pé ọbàkan òun tó jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo fẹ́ kó ìpín odidi igi lọ. Ìdí nìyí tí a fi rò pé àwọn adájọ́ tọ̀nà nígbà tí wọ́n ní orí-ò-jorí dé lẹ́yìn ìdí igi. Ẹ̀rí inú èdè wà fún un, ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá nìkan ló sì lè mú un wá. Orí pẹ̀lú kì í ṣe agbárí nìkan lẹ́nu wa. Ẹni tó ní orí òun kò kéré sí ti ẹnìkejì ń sọ nípa ìpín tó yàn wá sáyé. Látìn tí a fi túmọ̀ rẹ̀, ohun tí wọ́n fi ń ka màlúù náà ni.

Ibi tí a ti yapa sí àwọn adájọ́ ni bí wọ́n ṣe pààlà sí i. Ní 1908, nínú ẹjọ́ Lewis àti Bánkọ́lé lórí ilé ìdílé Mabinuori, ẹni tó kú ní Èkó ní 1874, Adájọ́ Àgbà Osborne ṣàkíyèsí pé ohun tó gba àfiyèsí jù nínú àṣà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni bó ṣe máa ń tẹ̀ bá ìgbà lọ láìsọ ara rẹ̀ nù. Ní 1962, ọ̀kan nínú ọ̀nà méjì tí àwọn ènìyàn fi ń bá ara wọn fà á di òfin, èkejì di àyè tí olórí ẹbí lè fún wọn bó bá wù ú. Kí ni wọ́n ń ṣe nínú agbo ilé láti ìgbà náà? Èwo ni àwọn ọmọ ń béèrè, èwo ni olórí ẹbí ń fọwọ́ sí? Ẹni tó bá lọ sí agbo ilé mẹ́wàá ní Ìbàdàn tàbí ní Ìlọrin, tó jókòó ti àwọn àgbà, tó gba ohùn wọn sílẹ̀ ní Yorùbá, yóò kọ àpilẹ̀kọ tí a ó kà dópin. A kò sọ pé ó rọrùn. Ogún kì í ṣe ohun tí ẹbí ń sọ fún àlejò.

Ìwé tí à ń kọ́ ní kíláàsì

Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè bá fẹ́ sọ nípa òfin, Ẹfúnṣetán Aníwúrà ni wọ́n sábà máa ń sá sí, eré onítàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá tẹ̀ jáde ní 1970. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ìyálóde Ìbàdàn yìí ṣòfin fún agbo ilé rẹ̀ pé ẹrú rẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ lóyún, ẹrúkùnrin rẹ̀ kankan kò sì gbọdọ̀ fún ẹnikẹ́ni lóyún. Ikú ni ìyà rẹ̀. Adétutù lóyún fún Ìtáwùyí, wọ́n sì bẹ́ ẹ lórí. Látòóṣà àti àwọn ìjòyè dìde. Àwọn àpilẹ̀kọ yóò ní òfin ìkà borí títí òfin ìlú fi dé, kókó tán.

Eré náà fún wa ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ló fún Ìyálóde ní àṣẹ láti pa ènìyàn nínú ilé ara rẹ̀, kí ló sì dé tí ìlú fi gbà á fún un tó bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó bínú? Ẹfúnṣetán lówó, ó lẹ́rú, kò sì ní ọmọ. Nínú ìlú tí à ń fi ìdí igi pín ogún, igi tí kò ní ẹ̀ka ni. Òfin tó fi de oyún nínú ilé rẹ̀ kò ṣeé yà kúrò lára ìyẹn, òǹkọ̀wé náà kò sì fi pamọ́. Ní 1874 ni wọ́n pa Ẹfúnṣetán ti inú ìtàn, ọdún kan náà tí Mabinuori kú ní Èkó. Ọ̀kan fi ilé tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń bára wọn jà lé lórí sílẹ̀. Èkejì kò ní ọmọ tí yóò jà.

Ní Zaria

A ń kọ èyí ní ìlú tí ẹ̀kọ́ òfin ti pẹ́. Yunifásítì Ahmadu Bello, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962, ní ẹ̀ka ìmọ̀ òfin ní Kongo, ibùdó ẹ̀kọ́ òfin Ìsìláàmù sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó yẹ kí ìwádìí lórí òfin Yorùbá ní ilẹ̀ Hausa pọ̀ níbí ju ibikíbi lọ. Èyí tí a rí kò tó nǹkan.

Lẹ́yìn rògbòdìyàn ọdún 2000, ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná ya ilé-ẹjọ́ Ṣàríà àti ilé-ẹjọ́ ìbílẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 gba ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Ṣàríà láyè láti gbọ́ ẹjọ́ ogún bí olóògbé bá jẹ́ Mùsùlùmí. Yorùbá tó jẹ́ Mùsùlùmí pọ̀ ní Zaria, àwọn ẹbí wọn kan sì wà ní Ìsẹ́yìn, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ọ̀ffà, níbi tí ọ̀rọ̀ ìdí igi ṣì wà lẹ́nu àwọn àgbà.

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé baálé kan kú, ó fi ìyàwó méjì sílẹ̀. Ìyá àgbà bí ọmọkùnrin kan. Ìyàwó kejì bí ọkùnrin méjì àti obìnrin mẹ́ta. Àwọn òbí olóògbé ti kú ṣáájú rẹ̀. Kò jẹ gbèsè, ohun ìní rẹ̀ sì tó ₦7,200,000. Bó bá jẹ́ ìdí igi, ọmọ ìyá àgbà mú ₦3,600,000. Àwọn márùn-ún tó kù pín iye kan náà, ₦720,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ orí-ò-jorí, kálukú gba ₦1,200,000, ọkùnrin tàbí obìnrin. Bó bá jẹ́ Ṣàríà, àwọn ìyàwó méjèèjì ni yóò kọ́kọ́ mú ìdá kan nínú mẹ́jọ, ₦450,000 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan gba ₦1,400,000, ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan gba ₦700,000. Òkú kan náà ni, owó kan náà ni. Ọmọ ìyá àgbà yóò máa pe orúkọ àṣà, àwọn ọmọkùnrin ìyàwó kejì yóò máa pe orúkọ ẹ̀sìn, àwọn ọmọbìnrin yóò sì ní orí ò jorí. Kò sí èyí tó parọ́ nínú wọn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìbáṣepọ̀ òfin àti àwùjọ, kó lọ jókòó sí ìpàdé ẹbí náà kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ adájọ́ rárá.

Bí ọ̀rọ̀ bá dé ilé-ẹjọ́ ìbílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ yìí, adájọ́ lè má gbọ́ Yorùbá. Òfin ẹ̀rí ti 2011 sọ pé àṣà tí ilé-ẹjọ́ kò bá tíì gbà wọlé tẹ́lẹ̀, ẹni tó pè é ló gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí rẹ̀ wá. Ẹlẹ́rìí yóò dúró, yóò sọ ìdí igi ní Yorùbá, ògbufọ̀ yóò sọ ọ́ di Hausa tàbí Gẹ̀ẹ́sì, akọ̀wé yóò kọ ohun tó gbọ́. Àwọn ògbufọ̀ yìí, ilé-ẹ̀kọ́ bíi tiwa ni ọ̀pọ̀ wọn ti kọ́ èdè, bí wọ́n bá tilẹ̀ kọ́ ọ. A kò tíì rí ìwé ẹ̀kọ́ kan tí a fi ń kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ ogún.

Ohun kan kù nínú àpẹẹrẹ wa tí a mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀. Ká ní baálé yìí ní ìyàwó kẹta, tí kò bímọ, tó bá a gbé fún ogún ọdún, tó bá a kọ́ ilé. Nínú ìdí igi, wọn kò kà á, nítorí igi tó ní ẹ̀ka nìkan ni à ń kà. Nínú orí-ò-jorí, orí àwọn ọmọ ni à ń sọ, kì í ṣe orí tirẹ̀. Àṣà wa kì í jẹ́ kí opó jogún ọkọ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni ogún ń tẹ̀ lé. Iwájú adájọ́ Ṣàríà nìkan ni obìnrin yìí ti ní ìpín tirẹ̀ lọ́tọ̀, òun àti àwọn orogún rẹ̀ yóò jọ pín ìdá kan nínú mẹ́jọ náà, ₦300,000 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn obìnrin Yorùbá tó wà ní irú ipò yìí ní Sabon Gari mọ èyí, wọ́n sì mọ ilé-ẹjọ́ tí wọ́n ń gbà lọ. Nínú gbogbo àpilẹ̀kọ tí a kà, a kò tíì rí èyí tó béèrè lọ́wọ́ wọn.